Ilẹ̀kùn Kan Tí A Kò Kọ Nǹkan Sí

Èéfín ẹja yíyan ni mo fi kọ́kọ́ mọ obìnrin náà. Àràárọ̀ ló ń wọ yàrá mi, tó ń rùn mọ́ àwọn aṣọ tí mo kó wá láti Ìjẹ̀bú, tí mò ń tà lójú ọ̀nà Warri sí Sapele. Ilẹ̀kùn wa dojú kọra nínú ilé oníyàrá mẹ́jọ kan. Ìgbéraga mi nígbà náà kò kéré, mi ò kí i. Ìyá mi ti kìlọ̀ kí n tó kúrò nílé pé n kò gbọdọ̀ jẹun lọ́wọ́ ẹni tí n ò mọ baba rẹ̀, èmi náà sì gbé ìkìlọ̀ ọ̀hún lé orí bíi gèlè.

Òjò ọjọ́ kan ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Aṣọ ọmọ mi wà lórí okùn, èmi wà ní ṣọ́ọ̀bù. N ó fi délé, obìnrin náà ti ká gbogbo rẹ̀ síbi tó gbẹ. Ojú tì mí díẹ̀. Lọ́jọ́ kejì mo bá a pọn omi kún kẹ́ẹ̀gì kan. Ó fún mi ní ẹja. Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́: ajá onílé ni mo fún. Ajá ò kú. Èyí tó tẹ̀ lé e, mo jẹ ẹ́, mo sì lá ìka. Bó bá lọ sọ́jà, n ó máa bá a yí ẹja lórí iná. Bí ibà bá dé sí ọmọ mi, òun á jókòó tì í. Kò gbọ́ Yorùbá, Píjìn tèmi kò já gaara, síbẹ̀ kò sí ọjọ́ tí kì í pè mí: “Mama Yoruba, you don chop?” Díẹ̀ díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Kí n tó mọ̀, ó ti di èkejì mi.

Ìjà wá dé. Ẹ̀yà tirẹ̀ wà lára àwọn tó ń jà, tèmi ò sí níbẹ̀. Àwọn èèyàn ń kọ ẹ̀yà wọn sára ilẹ̀kùn kí àwọn ajàgbìlà lè fò wọ́n kọjá. Obìnrin náà, tí kò mọ̀wé rárá, ló mú èédú wá fún mi. Ó ní, “Write am. Make dem no mistake you.” Mo kọ YORÙBÁ gàdàgbà. Àwọn ayálégbé yòókù gba èédú, kálukú kọ tirẹ̀. Mo fọ ọwọ́, mo wọlé lọ sebẹ̀. Tirẹ̀ nìkan ni a kò kọ nǹkan sí.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì ni wọ́n wọlé. Wọn ò bi ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan, ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ni wọ́n lọ tààrà. Ọpẹ́lọpẹ́ pé ó ti jáde. Wọ́n kó ẹrù rẹ̀ sí àgbàlá, wọ́n dáná sun ún. Nígbà tó dé, ó wo eérú, ó wo ilẹ̀kùn mi, ó ní, “Your pikin dey?” Mo ní ó wà. Ó ní, “Thank God.” Ó sì gba ọ̀nà Jeddo lọ bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Jeddo ò jìnnà. Mo ti di arúgbó sí Warri báyìí, mi ò tíì lọ. Ẹ má bi mí pé kí ló dé, ojú ń tì mí ni. Ọ̀rọ̀ kan péré ni ǹ bá kọ sára ilẹ̀kùn tirẹ̀ náà, YORÙBÁ, wọn ì bá sì kọjá lọ. Háà! Òun ronú kan ilẹ̀kùn mi. Tirẹ̀ kò wá sí mi lọ́kàn.