Ohun tí Àlàájì Munir Yọ Kúrò

Lọ́jọ́ tí wọ́n pe Àlàájì Munir sí ẹ̀rọ ìlọgbàdo Ìyá Gifty ní àdúgbò Dichemso, ẹ̀rọ náà ti ń rìn. N ò bù mọ́ ọn o. Bí wọ́n bá tan án lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri láàárọ̀, kó tó di ọ̀sán á ti gbọ̀n dé ẹnu ọ̀nà, àwọn oníbàárà á sì máa tẹ̀ lé e pẹ̀lú abọ́ àgbàdo lórí.

Fítà mẹ́rin láti Suame Magazine, níbi tí wọ́n ti ń tún ọkọ̀ àti ẹ̀rọ ṣe, ló ti fọwọ́ kàn án. Ọ̀kan de irin mọ́ ọn lábẹ́. Ọ̀kan fi rọ́bà tì í. Ẹ̀kẹta di òkúta mọ́ ọn nídìí kó lè wúwo. Prosper, ẹ̀kẹrin wọn, jó irin mọ́ irin ti ẹni àkọ́kọ́. Bí wọ́n ṣe ń fi kún un ni ìrìn rẹ̀ ń yá sí i.

Àlàájì dé, òun àti sípánà kan ṣoṣo. Ó tẹ́tí sí ẹ̀rọ náà títí, ó ní kí wọ́n pa á, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í tú nǹkan. Nígbà tí wọ́n tún un tan, ó dúró síbi tí wọ́n gbé e sí, ó ń lọ àgbàdo wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́.

Ìyá Gifty yí i ká lẹ́ẹ̀mẹta. "Àlàájì, èwo lẹ fi sí i?"

"N ò fi nǹkan kan sí i."

"Kí wá lẹ ṣe?"

Ó gbé àpò ìrẹsì kan tí pàǹtírí wà nínú rẹ̀ lé e lọ́wọ́. "Èyí ni mo ṣe."

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ní Suame, bí fítà bá ṣiṣẹ́ tán, á fi páálí ohun tuntun tó fi sí i hàn ọ́, ọkàn rẹ á balẹ̀. Àlàájì kò ní páálí. Ìyá Gifty bẹ̀ ẹ́ pé kó tiẹ̀ bá òun kùn ún ní ọ̀dà pupa, kí ará àdúgbò lè rí i pé wọ́n tún un ṣe. Àlàájì ní ọ̀dà náà á wúwo jù, ó gbé sípánà rẹ̀, ó lọ. Ọjọ́ yẹn ni wọ́n sọ ọ́ ní Yi Firi Hɔ, èyí tó túmọ̀ sí "yọ ọ́ kúrò níbẹ̀" ní Twi, èdè àwọn onílẹ̀ ibẹ̀, orúkọ náà ò sì kúrò lára rẹ̀ mọ́.

Bó ṣe ń ṣe níta náà ló ń ṣe nílé. Hàjàrá, ìyàwó rẹ̀, máa ń sọ pé bí òun bá jí láàárọ̀, òun á kọ́kọ́ fọwọ́ kan orí wò bóyá gèlè òun ṣì wà níbẹ̀. Àlàájì yọ ilẹ̀kùn ilé ìdáná nítorí pé wọ́n ń ṣí i nígbà ogún lóòjọ́. Ewúrẹ́ aládùúgbò wọlé, ó jẹ iṣu tán. Hàjàrá bi í pé kí ló rí sí èyí. Àlàájì ní ewúrẹ́ ló yẹ kí àwọn kọ́kọ́ yọ, kì í ṣe ilẹ̀kùn.

Ní ìpàdé ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, alága, Bàbá Jọláadé, bèèrè ohun tí wọ́n lè ṣe kí ìpàdé lè dára sí i. Ẹnì kan ní kí wọ́n rán aṣọ kan náà, ẹnì kan ní kí wọ́n yan akọ̀wé kejì, ẹnì kan ní kí wọ́n fi kún ọjọ́ ìpàdé. Àlàájì ní kí wọ́n yọ ọ̀rọ̀ ìṣáájú alága. Láti ìgbà ààwẹ̀ títí di Iléyá, Bàbá Jọláadé kò dá a lóhùn.

Ibì kan ṣoṣo ni Àlàájì kì í ti í yọ nǹkan, ẹnu rẹ̀ ni. Ìtàn ẹ̀rọ Dichemso ń sanra lọ́dọọdún. Ohun mọ́kànlá ló kọ́kọ́ ní òun yọ jáde. Ó di mọ́kàndínlógún. Nígbà tí Tàsnímù fi máa dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó ti di mẹ́tàlélógún, pẹ̀lú ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ kan.

Tàsnímù yìí, ọmọ ọmọ oníṣòwò Ọ̀yọ́ kan ní àdúgbò Race Course, ń kàwé gboyè dókítà ní yunifásítì. Ohun tó ń wádìí ni bí a ṣe lè tún nǹkan ṣe láìfi irin àti dísẹ́lì ṣòfò, kí ayé lè ṣẹ́ kù fún àwọn tó ń bọ̀. Ó gbé tábìlì kékeré kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan gùn ju ìyókù lọ fún ọgọ́ta èèyàn, ó ní kí wọ́n tún un ṣe. Mẹ́rìnléláàádọ́ta ló kan igi mọ́ ọn. Mẹ́fà péré ló gé ẹsẹ̀ tó gùn. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ yé e pé bí a bá ní kí ọmọ èèyàn ṣe àtúnṣe, àfikún ló ń sá sí, àyọkúrò kì í sábà sọ sí i lọ́kàn. Àfi Àlàájì Munir. Orí tó tóbi jù nínú ìwé rẹ̀, Àlàájì ló kọ ọ́ lé.

Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀mẹta ló gba ohùn Àlàájì sórí fóònù, iye mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló sì gbọ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀níyì tó ń tọ́ ọ sọ́nà bọ́ ìgò ojú rẹ̀. "Ẹlẹ́rìí tó ń fi kún ẹ̀rí rẹ̀ kò lè jẹ́rìí nípa àyọkúrò. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fún ọ. Bí o kò bá rí òótọ́ rẹ̀ gbà, yọ ọ́ kúrò."

Bí wọ́n bá yọ orí yẹn, kò sí ìwé mọ́, kò sì sí oyè. Ọdún mẹ́rin á wọgbó. Tàsnímù sunkún nínú ọkọ̀ dé ilé Àlàájì, ó sì ro gbogbo rẹ̀ fún un.

"Ṣé ò ń pè mí ní onírọ́ ni?" Àlàájì bi í.

"Bàbá, mepa wo kyɛw, ẹ jọ̀ọ́, n ò pè yín ní onírọ́. Ẹ kàn ń fi kún un ni."

Hàjàrá rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. "Ó mú ẹ," ó ní. "Lónìí ó mú ẹ."

Àlàájì dìde. Ó lọ kírun Alásàrí, ó pẹ́ níbẹ̀ ju bó ṣe máa ń pẹ́ lọ. Nígbà tó dé, ó jókòó síwájú Tàsnímù.

"Gbé fóònù ẹ jáde. Márùn-ún ni."

"Márùn-ún?"

"Fítà mẹ́rin fi mẹ́rin sí i."

"Ẹ̀karùn-ún ńkọ́, Bàbá?"

Ó wo ọwọ́ rẹ̀. "Ní Suame ni wọ́n ti kan ẹ̀rọ yẹn. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba fíríìdọ̀mù lọ́wọ́ ọ̀gá mi nígbà náà ni. Ẹ̀rọ náà dára, kò ní àléébù kankan, ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí wọ́n rí i pé mo mọ iṣẹ́, mo wá de irin kan mọ́ ọn nínú. Irin yẹn ló bẹ̀rẹ̀ ìgbọ̀n. Nígbà tí mo tú u ní Dichemso, mo rí i, mo mọ ọwọ́ mi. Àwọn mẹ́rin yòókù, àṣìṣe tèmi ni wọ́n ń gbé kiri. Ojú tì mí, wàláì. Ọjọ́ yẹn ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í yọ nǹkan."

"Ta ló mọ̀?"

"Kò sẹ́ni tó mọ̀. Ohun kan ṣoṣo tí mo yọ nínú ìtàn náà nìyẹn. Kọ ọ́. Kọ orúkọ mi sí i."

Hàjàrá ò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó dìde, ó bu omi tútù fún un.

Ọ̀jọ̀gbọ́n ka orí náà lẹ́ẹ̀mejì, ó ní ibẹ̀ gan-an ni ìwé náà wà. Wọ́n fún Tàsnímù ní oyè rẹ̀. Ó gbé ìwé náà lọ bá Àlàájì, ó sì sọ fún un pé ojú ìwé igba ó lé ogójì ni. Àlàájì wọ̀n ọ́n lọ́wọ́ wò, ó ní ó wúwo jù, kó lọ yọ díẹ̀.

Lẹ́yìn ààwẹ̀ ọdún yẹn ni Àlàájì sùn tí kò jí. Wọ́n fi aṣọ funfun wé e, wọ́n sin ín lọ́jọ́ náà gan-an, láìsí pósí. Hàjàrá ní bó bá ṣe pé ó rí i ni, inú rẹ̀ ì bá dùn, nítorí kò sí ohun tó máa ní kí wọ́n yọ.

Níbi àdúrà ọjọ́ kẹjọ, Ìyá Gifty wá láti ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀, ó sì gba ìtàn náà sọ. Ọgbọ̀n irin ni Àlàájì yọ jáde, ó ní, àti ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ méjì. Prosper ní ẹyọ kan ni òun fi sí i ní tòun, òun ò mọ ibi tí ìyókù ti wá. Ẹ̀rín sọ. Ẹnì kan wá yíjú sí Tàsnímù.

"Dókítà, ìwọ lo kọ ọ́ sínú ìwé. Mélòó ni?"

Hàjàrá wò ó láti orí ẹní, ojú rẹ̀ ti kún fún omi. Òótọ́ wà nínú ìwé ní yunifásítì, níbi tí ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ ti lè kà á, ibẹ̀ náà ni Àlàájì ní kó fi sí. Tàsnímù wo Ìyá Gifty, ó wo bàtà Àlàájì tó ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà.

"Bí Ìyá Gifty ṣe sọ ọ́ yẹn dùn paa," ó ní. "Ẹ máa sọ ọ́ lọ, Mà. N ò ní yọ nǹkan kan níbẹ̀."