Ògiri Wákàtí

Ọdún mọ́kàndínlógójì ni Bàbá Aláàgo fi tún aago ṣe nínú ṣọ́ọ̀bù kótópó kan. Bí elédè mìíràn bá gbé aago wá, bàbá á kọ́kọ́ bi í pé, "Kí lẹ ń pe wákàtí ní èdè tiyín?" Ìgbà tó bá gbọ́ èsì tán ló tó ń tú ìdí aago. Ohun tí wọ́n bá sọ, á fi pẹ́ńsù kọ ọ́ sára ògiri. Abéèrè kì í ṣìnà, òun náà ló máa ń wí bẹ́ẹ̀.

Olùkọ́ kan tó jẹ́ Lárúbáwá ló sọ fún un pé waqt ni ìyá ọ̀rọ̀ náà, pé ìgbà èyíkéyìí ló jẹ́ lọ́dọ̀ tiwọn, kì í ṣe ọgọ́ta ìṣẹ́jú péré bíi tiwa. Télọ̀ tó ń sọ Hausa ní lokaci ni tàwọn. Káfíńtà ará Túkì pè é ní vakit, ó ní òun ò ní vakit rárá, ó sì dúró ròyìn títí oòrùn fi kan àtàrí. Ayé ìgbà yẹn mà dùn o!

Ẹnì kan ṣoṣo ni bàbá kò bi, ìyàwó rẹ̀. Swahili ni wọ́n ń sọ nílé tí wọ́n ti bí i, ṣùgbọ́n ó ti gbọ́ èdè ọkọ rẹ̀ yó, kò sì ní aago tó fẹ́ tún ṣe. Lójoojúmọ́ ló ń gbé oúnjẹ ọ̀sán wá, á jókòó sórí àpótí, á fẹ̀yìn ti ògiri, á máa wo ọkọ rẹ̀ bó ṣe ń bi àlejò léèrè. Ó ti pé ọdún mẹ́ta tó ti kú. Ọ̀rọ̀ náà dun bàbá dọ́kàn.

Lónìí, bàbá ń kó kúrò, nítorí ojú rẹ̀ kò gbé iṣẹ́ mọ́. Akunlé tí onílé rán wá ti ń po ọ̀dà níta. Bàbá ń da ọ̀rọ̀ ara ògiri kọ sínú ìwé, ọmọ rẹ̀ obìnrin ń palẹ̀ ẹrù mọ́.

"Bàbá, ó ti tó. Ẹ ti kọ gbogbo ẹ̀ tán."

"Ó ku ti ìyá yín. Èmi tí mo bi gbogbo ayé! Ojú ń tì mí."

Ọmọ náà lọ fa kọ́bọ́ọ̀dù tí bàbá gbé dí ibi tí ìyá máa ń jókòó sí, lọ́sẹ̀ tí wọ́n sin ín, nítorí kò lè máa wo àyè òfìfo náà.

"Bàbá, ẹ wá wo ìsàlẹ̀ ibí."

Pẹ́ńsù ni wọ́n fi kọ ọ́, rẹ́gí ibi tí ìyá máa ń fẹ̀yìn tì: "Wakati. Bẹ́ẹ̀ náà là ń pe ìgbà nílé wa. Mo ń dúró kẹ́ ẹ bi mí."

Bàbá fi ọwọ́ nu eruku ojú ọ̀rọ̀ náà. Omi ti lé ròrò sójú rẹ̀.

"Ọ̀rọ̀ kan náà ni," ló wí. "Gbogbo ọdún yẹn."

Akunlé yọjú lẹ́nu ọ̀nà. "Bàbá, ṣé kí n bẹ̀rẹ̀?"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní wákàtí kan sí i."

Ó fa àpótí náà sún mọ́ ògiri, ó sì jókòó síbẹ̀.