Ó Ku Ọjọ́ Méjì

Òórùn gàrí tí wọ́n ń yan lọ́wọ́ ló máa ń gbé ọkàn mi padà sí ìgbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ di ejẹ́ńtì ilẹ̀ ní Lálúpọn. Yàrá kan lẹ́bàá ibi tí àwọn obìnrin ti ń yan gàrí ni mo háyà, mo sì ń pè é ní ọ́fíìsì, bí a bá lè pe tábìlì kan àti fáànù tó ń dún bí ẹni tó ń wúkọ́ ní ọ́fíìsì. Mo ti kàwé jáde, mo ti wáṣẹ́ títí àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà mi fi jẹ tán, kí ọ̀rẹ́ mi kan tó sọ fún mi pé ilẹ̀ ni gbogbo ayé ń rà lápá ọ̀dọ̀ wa báyìí, pé ẹni tó bá ti ní fóònù tó dáa, ó ti ní ṣọ́ọ̀bù. Mo gbà á gbọ́, mo sì yá owó ra fóònù kí n tó mọ ohun tí wọ́n ń pè ní sọfé, ìyẹn ìwé ìwọ̀n ilẹ̀.

Àwọn ejẹ́ńtì àgbà tí mo bá lẹ́nu iṣẹ́ náà, pátákó ni wọ́n máa ń kàn mọ́ ara igi, wọ́n á wá jókòó sí oríta lọ́dọ̀ àwọn ọlọ́kadà, wọ́n á máa retí oníbàárà. Mo máa ń fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi ní tèmi, bí mo bá ti débi ilẹ̀, mo ti ya fídíò, mo ti gbé e sórí Fesibúùkù, mo ti fi ránṣẹ́ sí gbogbo gúrúùpù Wásáàpù tí mo wà, títí kan ti ṣọ́ọ̀ṣì wa, níbi tí àwọn ìyá ìjọ ti ń fi àdúrà òwúrọ̀ ránṣẹ́ síra wọn. Nígbà tó yá, àwọn àgbà náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbé fóònù wọn wá bá mi pé kí n kọ́ àwọn. Mo kọ́ wọn, ṣùgbọ́n pẹ̀lú ìgbéraga ni. Ọ̀kan nínú wọn ya fídíò ilẹ̀ kan, ó sì jẹ́ pé iwájú orí ara rẹ̀ nìkan ló wà níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Mo fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí ó fi sú òun náà.

Bàbá mi, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, kì í bá mi rẹ́rìn-ín. Wọ́n á ka ohun tí mo bá kọ, wọ́n á mi orí. “Àmì ohùn dà? Ọ̀rọ̀ Yorùbá tí kò lámì, ìhòòhò ló wà yẹn.” Èmi á dá wọn lóhùn pé, “Dádì, ẹni tó fẹ́ ra ilẹ̀ kò wá ṣe ìdánwò.” Mo rò pé mo gbọ́n nígbà náà.

Ìyá kan wà ní Lálúpọn tí ọkọ wọn fi oko ẹ̀gẹ́ sílẹ̀ fún nígbà tó kú. Ìyá onílẹ̀ ni gbogbo wa ń pè wọ́n. Wọ́n ní kí n bá wọn ta díẹ̀ nínú oko náà kí wọ́n lè fi tún òrùlé wọn ṣe, mo sì ti tà á títí ó fi ku pulọ́ọ̀tì ẹyọ kan. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kí n ya fọ́tò wọn lórí ilẹ̀ náà, nítorí mo ti kíyè sí i pé bí oníbàárà bá rí ojú àgbà tó ni ilẹ̀, ẹ̀rù àwọn ọmọ onílẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ bà á mọ́. Aṣọ funfun tí wọ́n fi ṣe ìdúpẹ́ ni wọ́n wọ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́. Mo wá férémù sí fọ́tò náà nínú fóònù mi, mo rí ọ̀kan tí òdòdó elésè àlùkò yí ká, tí àbẹ́là méjì wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Èmi rò pé àbẹ́là ọjọ́ ìbí ni. Mo wá kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ gàdàgbà pé, O KU OJO MEJI.

Ohun tí mo ń sọ ni pé ọjọ́ méjì péré ló kù kí ilẹ̀ náà tó gbówó lórí sí i. Iye rẹ̀ àti nọ́ńbà mi wà nínú fọ́tò kejì tó tẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n fọ́tò kejì kò bá ti àkọ́kọ́ dé gbogbo ibi tó lọ. Àwọn àgbà ní bí a bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bà. Ẹnì kan rí fọ́tò náà, ó rí òdòdó, ó rí àbẹ́là, ó ka ohun tí mo kọ pé ìyá náà ti kú, ó di ọjọ́ méjì, ó sì fi ránṣẹ́ sí gúrúùpù mọ̀lẹ́bí wọn. Ní ọjọ́ kejì, àwọn ènìyàn ti ń fi igbe wọ ilé Ìyá onílẹ̀, wọ́n sì bá wọn níbi tí wọ́n ti ń bó ẹ̀gẹ́.

A rẹ́rìn-ín o, èmi kò níí parọ́. Àwọn aládùúgbò ní ẹni tí wọ́n bá pariwo ikú rẹ̀ tí kò kú, yóò pẹ́ láyé. Nígbà tí mo sáré dé láti tọrọ àforíjì, Ìyá onílẹ̀ wò mí láti òkè dé ilẹ̀. “Ìwọ ọmọ yìí, kí n tilẹ̀ wá kú lóòótọ́, ṣé ‘ó’ lo máa pè mí? Tó ò bá mọ àmì, ṣé o ò mọ ọ̀wọ̀ ni?” Gbogbo ilé tún bú sẹ́rìn-ín. Mo rò pé ọ̀rọ̀ náà ti parí síbẹ̀.

Kò parí. Ìyá onílẹ̀ ní ẹ̀gbọ́n kan, ọmọ ìyá wọn, ní abúlé kan lẹ́yìn Mọ́níyà. Arúgbó gidi ni, ojú wọn ti fọ́, ọmọ wọn obìnrin ló ń tọ́jú wọn. Kí ọmọ náà tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, aládùúgbò kan tó ti rí fọ́tò náà ti wọlé, ó ti kí màmá rẹ̀ kú ará fẹ́ra kù. Nígbà tí ọmọ náà gbọ́ òótọ́ tó sì sọ fún wọn pé àbúrò wọn kò kú, wọ́n ní irọ́ ni.

Ohun tí wọ́n sọ yìí ni mi ò lè gbàgbé. Lọ́dọ̀ wa, a kì í sáré túfọ̀ fún arúgbó. A ó ní ẹni náà rìnrìn àjò, a ó ní ara rẹ̀ kò yá díẹ̀, títí a ó fi rí ọgbọ́n dá. Ìyá àgbà yìí fúnra wọn ti pa irú irọ́ bẹ́ẹ̀ fún ìyá tó bí wọn nígbà tí ẹ̀gbọ́n wọn ọkùnrin kú, nítorí náà wọ́n mọ bó ṣe máa ń dún létí. Bí a bá ṣe ń búra fún wọn tó pé àbúrò wọn wà láàyè ni wọ́n ń gbà gbọ́ sí i pé ó ti kú. Wọn kò jẹun mọ́.

Mo ní kò sí ìṣòro, fóònù wà. Mo lọ bá Ìyá onílẹ̀ nílé, mo pe ọmọ náà, ó gbé fóònù sí màmá rẹ̀ létí. “Ẹ̀gbọ́n mi, èmi rèé o! Mo wà ńlé mi!” Ìyá àgbà ti fóònù náà kúrò létí. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní, “Ohùn lẹ fẹ́ fi tàn mí. Ọkọ mi ti kú tipẹ́, ohùn ẹ̀ ṣì wà nínú fóònù ọmọ yìí.” Mo ti máa ń sọ fún gbogbo ayé pé kò sí ohun tí fóònù kò lè ṣe. Lọ́jọ́ náà, ojú tì mí débi pé mi ò lè wo ojú Ìyá onílẹ̀.

A wá mọ́tò, a gba Ìwó Róòdù, a gba Ọjọ́ọ̀ dé Mọ́níyà. Òjò ti ba ọ̀nà abúlé náà jẹ́, ọkadà ló gbé wa wọlé. Àárín èmi àti ọlọ́kadà ni Ìyá onílẹ̀ wà, orúnkún wọn sì ń ro wọ́n. Nígbà tí a dé, wọ́n kúnlẹ̀ sẹ́bàá ẹní ẹ̀gbọ́n wọn pẹ̀lú orúnkún náà. Ìyá àgbà fọwọ́ pa wọ́n lójú, létí, lọ́rùn. Wọ́n ní, “Ìwọ mà ni.” Wọ́n sunkún, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì mu ẹ̀kọ gbígbóná. Èmi náà bọ́ síta, mo sunkún ayọ̀.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Ìyá àgbà bi ọmọ wọn pé ta ni obìnrin tó sùn sí yàrá. Ó ní àbúrò yín ni. Wọ́n ní, “Àbúrò mi tó ti kú?” Láti ọjọ́ náà, bẹ́ẹ̀ ló ń rí. Bí Ìyá onílẹ̀ bá jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kan ojú àwọn, Ìyá àgbà á gbà pé wọn kò kú. Bí wọ́n bá sùn tí wọ́n jí, ikú náà á tún padà dé. Nọ́ọ̀sì tó wá wò wọ́n ní ọjọ́ orí ni, pé ó ti ń bọ̀ tẹ́lẹ̀, kì í ṣe ẹ̀bi ẹnikẹ́ni. Mo gbọ́ ohun tó sọ, ṣùgbọ́n kò tù mí nínú. Ọmọ wọn sọ fún mi pé kí fọ́tò náà tó dé, ibi tí wọ́n fi ìṣáná sí nìkan ni màmá òun máa ń gbàgbé.

Ìyá onílẹ̀ kò padà sí Lálúpọn gbé mọ́. Wọ́n ní àwọn kò lè máa jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n àwọn ṣọ̀fọ̀ láràárọ̀ láìsí ẹni tí yóò rẹ̀ wọ́n lẹ́kún. Wọ́n ti ilẹ̀kùn ilé tí wọ́n fẹ́ tún òrùlé rẹ̀ ṣe, ẹ̀gẹ́ wọn sì gbó sínú ilẹ̀. Wọn kò bú mi rí. Ì bá sàn fún mi ká ní wọ́n bú mi.

Mo ṣì ń ta ilẹ̀, mo sì ṣì ń lo fóònù, nítorí ohun tí mo ń jẹ nìyẹn. Ohunkóhun tí mo bá kọ, bàbá mi ló ń kọ́kọ́ kà á, àwọn ejẹ́ńtì tí mo ti fi ṣe yẹ̀yẹ́ sì ń pè mí ní tíṣà. Mo máa ń lọ sí abúlé náà bí àyè bá ṣe gbà mí. Láìpẹ́ yìí, Ìyá àgbà gbọ́ ìró ẹsẹ̀ mi, wọ́n bi mí ta ni mí. Mo ní èmi ni mò ń bá àbúrò yín ta ilẹ̀. Wọ́n na ọwọ́, wọ́n wá ọwọ́ mi kàn, wọ́n dì í mú. “Ẹ kú ará fẹ́ra kù, ọmọ mi. Ṣé ó ṣe ẹ́ dáadáa nígbà ayé ẹ̀?”

Ìyá onílẹ̀ jókòó sí ẹ̀gbẹ́ wa, wọ́n ń ṣa ẹ̀wà. Wọ́n fi ojú sọ fún mi pé kí n dáhùn. Mo ní, “Wọ́n ṣe mí dáadáa, Mà. Èmi ni mi ò ṣe wọ́n dáadáa.” Ìyá àgbà ní kí n má sunkún mọ́, pé òkú kì í bínú. Ìyá onílẹ̀ kò gbójú sókè, wọ́n ń ṣa ẹ̀wà wọn lọ.