Fíìmù Ẹranko Ńlá Tí Bàbá Mi Máa Ń Túmọ̀ Fún Wa

Ẹ jẹ́ n tètè sọ ọ́ pé fíìmù náà ò dára. Kò dára rárá ni. Ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́jọ, ló ṣèèṣì ṣí i lórí fóònù mi lọ́jọ́ Sátidé kan nínú yàrá wa ní Ajibode, ni mo bá pariwo pé, "Háà! Fíìmù ìgbà kékeré mi rèé!" Mo gba fóònù lọ́wọ́ ẹ̀, mo fi ti ògiri, àwa méjèèjì jókòó síwájú ẹ̀. Kò tíì tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí ọmọ fi bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Àwọn dáínósọ̀ tí mo máa ń torí wọn sá sẹ́yìn ìyá mi, rọ́bà lásán ni wọ́n. Ẹsẹ̀ èèyàn hàn kedere lábẹ́ ọ̀kan. Òmíràn fẹ́ gbé òyìnbó kan mì, ẹnu ẹ̀ ò ṣeé pa dé.

"Mọ́mì, ṣé èyí náà lẹ̀ ń bẹ̀rù?"

Mo ní kó panu ẹ̀ mọ́. Èmi náà ń rẹ́rìn-ín o.

Àfi ìgbà tí bàbá arúgbó kan yọ, onígíláàsì, tí gbogbo irun ẹ̀ ti funfun. Ẹ̀rín bá kúrò lẹ́nu mi. Gbogbo ìgbà tí bàbá yẹn bá ti lanu, ohùn bàbá mi ni mò ń retí. Èdè òyìnbó ló ń jáde.

Abúlé wa ò jìnnà sí Moniya, ọ̀kadà máa ń gbé èèyàn débẹ̀. Àgbẹ̀ ni bàbá mi, ata àti tòmátò ni wọ́n ń gbìn, ọjà Ṣáṣá sì ni ìyá mi ti ń tà á. Ọdún kan tí ata wọ́n bí ojú ni wọ́n ra tẹlifíṣọ̀n, fídíò àti jẹnẹrétọ̀ kékeré kan. Kásẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo ló bá fídíò yẹn wá, òun náà ni ti ẹranko ńlá yìí. A ò ní òmíràn. Torí náà, ní gbogbo ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìrun Àílà, gbogbo agboolé á pé sí pálọ̀ wa, a ó sì tún un wò.

Bàbá mi ni ògbufọ̀. Wọn ò kàwé kọjá pírámárì kẹta, ṣùgbọ́n wọ́n á dé fìlà, wọ́n á jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣọ̀n, wọ́n á máa sọ fún wa ohun tí òyìnbó ń wí. "Èyí tó wọ bàtà gígùn yìí ní kí ọ̀rẹ́ òun má kọjá ààlà oko òun mọ́." "Obìnrin yìí ń sọ fún ọkọ ẹ̀ pé òun náà láwọn òbí nílé." Ọjọ́ kan wà tí dáínósọ̀ fúnra ẹ̀ sọ̀rọ̀. Ó ní ebi ló ń pa òun, pé òun kì í ṣe ìkà. Àwọn ìyá tó wà níbẹ̀ káàánú ẹ̀ gan-an. Ohun tí òyìnbó kan náà bá sọ lọ́sẹ̀ yìí, ó lè máà sọ ọ́ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, èmi ò sì bi ẹnikẹ́ni pé kí ló fà á.

Mo wá wọ sẹ́kọ́ńdìrì ní Moniya, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ òyìnbó, ẹnu mi wá mú ju bó ṣe yẹ lọ. Nígbà tí mo fẹ́ wọ kíláàsì kẹrin, bàbá mi wá ilé ìwé kan fún mi nígboro Ìbàdàn, bọ́dìn, tí n ò ní máa wálé àfi tí wọ́n bá gba ọlidé. Mo sunkún. Mo kọ oúnjẹ. Mo sọ fún ìyá mi pé mo mọ̀ pé mo ti sú bàbá mi ni, pé ìyẹn ni wọ́n ṣe ń wá ibi tí wọ́n máa jù mí sí.

Ọjọ́ Àìkú tó ṣáájú ọjọ́ tí màá lọ, a tún ń wo fíìmù. Ó ti fẹ́ parí. Gbogbo àwọn òyìnbó yòókù ti kó sínú ọkọ̀ ojú omi, ẹranko ńlá ń bọ̀ lẹ́yìn, bàbá onígíláàsì nìkan ló ṣẹ́ kù sétí omi, ó ń nawọ́ sí ọmọbìnrin kan nínú ọkọ̀, ó ń kígbe. Bàbá mi ò wo tẹlifíṣọ̀n mọ́. Ilẹ̀ ni wọ́n ń wò. "Ó ní, 'Ọmọ mi, máa lọ, má wẹ̀yìn. Kì í ṣe pé o sú mi. Ohun tí mo fẹ́ kó o mọ̀ ni pé...'"

Mo ní, "Irọ́ ni, Bàbá! Kò sọ bẹ́ẹ̀! Báàgì ẹ̀ ló ń béèrè. Olè ni ọkùnrin yẹn!"

Irọ́ ni. Lójú agboolé. Èmi, ọmọ tí wọ́n bí.

Ìyá mi ní, "Ìwọ ọmọ yìí!" Bàbá mi rẹ́rìn-ín díẹ̀, wọ́n ní, "Ó dáa, ìwọ lo gbọ́ ọ jù mí lọ." Wọ́n ṣí fìlà, wọ́n ní àwọn fẹ́ lọ wo epo inú jẹnẹrétọ̀. Wọn ò pa dà wọlé títí fíìmù fi parí. Wọn ò sì túmọ̀ fíìmù fún ẹnikẹ́ni mọ́ láti ọjọ́ náà.

Ní Ajibode, lórí fóònù, ibi ọkọ̀ ojú omi yẹn tún dé. Mo gbọ́ ọ dáadáa. Báàgì ni bàbá arúgbó ń béèrè, olè sì ni lóòótọ́. Mo jàre. Ó ti lé lógún ọdún, mo ṣì jàre. Kí ni mo fẹ́ fi àre ṣe?

Mo pe ìyá mi. Mo ní, "Màámi, ṣé ẹ mọ̀ pé gbogbo ohun tí Bàbá ń sọ nídìí fíìmù yẹn, kò sí èyí tó jẹ́ òótọ́ níbẹ̀?"

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. "Ta ló wá sọ fún ẹ pé a ò mọ̀? Kásẹ́ẹ̀tì kan, ìtàn ọ̀tọ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ṣé o rò pé òmùgọ̀ ni gbogbo wa ni?" Wọ́n ní bí èèyàn méjì bá ń jà lórí ààlà lágboolé, tí bàbá mi ò fẹ́ dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi lójúkojú, ẹnu òyìnbó ni wọ́n máa ń gbé ọ̀rọ̀ náà sí. Kó tó di ọ̀sán ọjọ́ Ajé, ìjà á ti parí. Wọ́n wá ní, "Ìwọ ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ yẹn. Mo ti sọ fún wọn pé o ní o ti sú wọn. Àbí o ò mọ̀?"

Mi ò mọ̀. Subuhanallahi, mi ò mọ̀. Mo sunkún débi pé ọmọ mi lọ bu omi wá fún mi. Ó dùn mí pé mo pe bàbá mi ní onírọ́, ṣùgbọ́n èyí tó dùn mí jù ni pé mo já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu wọn. Ohun tí wọ́n fẹ́ kí n mọ̀, wọn ò tíì sọ ọ́ tán.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, mo mú ọmọ mi, a gba abúlé lọ. Bàbá mi jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n ti rù. Orúkọ mi ni wọ́n fi pe ọmọ mi. Mo kúnlẹ̀, mo ní kí wọ́n foríjì mí, pé mo pè wọ́n ní onírọ́ lójú àwọn èèyàn.

"Ìwọ? Nígbà wo?"

"Nídìí fíìmù, Bàbá. Mo ní mo gbọ́ òyìnbó jù yín lọ."

"Tó o bá gbọ́ ọ jù mí lọ, ṣebí ohun tí mo torí ẹ̀ rán ẹ nílé ìwé nìyẹn. Dìde jàre."

Mi ò dìde. Mo gbé fóònù lé wọn lọ́wọ́, mo ti wá ibi ọkọ̀ ojú omi yẹn sílẹ̀. Mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n bá mi túmọ̀ ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, níbi tí mo ti já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu wọn. Wọ́n gbé e súnmọ́ ojú. Wọ́n wò ó pẹ́. Ètè wọn ń mì.

"Ta ni bàbá arúgbó yìí?" ni wọ́n wí. "Kí ló ń sọ?"

Mo ní, "Ó ń sọ fún ọmọ ẹ̀ pé kó máa lọ, kó má wẹ̀yìn. Ó ní kì í ṣe pé ó sú òun."

Wọ́n mi orí. Ó jọ pé ọ̀rọ̀ náà wọ̀ wọ́n lára. Wọ́n wá kọjú sí mi.

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Kí ló tún wá sọ tẹ̀ lé e?"

Mi ò mọ̀ ọ́n.