Berma Àǹtí Khumti àti Eku Abẹ́ Pákó

Òórùn ni mo fi ń mọ̀ pé ilẹ̀ Sátidé ti mọ́ nílé wa ní Fallowfield, ní Manchester. Bí Àǹtí Khumti tó ń gbé yàrá ìsàlẹ̀ bá ti ju berma síkòkò, òórùn rẹ̀ á gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọn, á gun àtẹ̀gùn, á wá jí mi lórí bẹ́ẹ̀dì. Ẹja wẹ́wẹ́ ni berma, tí wọ́n sá gbẹ, tí wọ́n sì dé mọ́nú ìkòkò títí ó fi kan. Bí irú ṣe rí lọ́bẹ̀ wa ló rí fún àwọn Tripuri, àwọn èèyàn Àǹtí, ní ìlà-oòrùn Íńdíà. Àǹtí máa ń fi se gudok: ẹ̀wà, pòtétò àti ata tútù. Wọ́n á fi ọmọrogùn gún gbogbo rẹ̀ pọ̀, láìkan epo rárá. Wọ́n ní nílé àwọn, inú ọparun ni wọ́n ń sè é sí.

Ẹnu ya Màámi. "Ọbẹ̀ tí kò rí epo! Ṣé aláìsàn ló fẹ́ jẹ ẹ́ ni?" Èmi ni mo máa ń lá àwo.

Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mí lọ́jọ́ tí lándílọ́ọ̀dù dúró nídìí àtẹ̀gùn, tó fi aṣọ ìnujú bo imú. Ó ní ẹni tó bá ń se nǹkan yìí máa kó jáde nílé òun. Mo ro ti gudok mi.

"Eku ni, sà," ni mo wí. "Ó kú sábẹ́ pákó ilẹ̀. Mo gbọ́ bó ṣe ń ké."

Màámi máa ń sọ pé bí irọ́ lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á lé e bá. Tèmi ò lò ju ọjọ́ méjì lọ. Lándílọ́ọ̀dù mú káfíńtà wá, wọ́n tú pákó ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọn ò rí eku. Níbi tí lándílọ́ọ̀dù ti kúnlẹ̀, tó ki imú bọ ihò, ni Àǹtí Khumti, tí kò mọ nǹkan kan, ti gbé ìkòkò kaná.

Ọkùnrin náà dìde, ó kọrí sí ilẹ̀kùn Àǹtí. Àfi bí Màámi ṣe sọ̀kalẹ̀ wá tàwọn ti agolo irú.

"Òórùn oúnjẹ tèmi lẹ ń gbọ́, sà," wọ́n ní, wọ́n sì ṣí agolo náà sí i nímú. "Ṣé kí n bù fún yín?"

Ó fẹ̀yìn rìn títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ jìn sí ihò tó tú. Ó ní ká ṣáà máa ṣí fèrèsé.

Bó ṣe lọ tán, Màámi fà mí létí. Mo ní, "Ẹ̀yin náà parọ́, Màámi." Wọ́n fa ìkejì.

Lónìí, ọ́fíìsì tó ń bójú tó ilé ayálégbé ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Lóṣù tó kọjá, wọ́n rán mi lọ sílé obìnrin kan ní Oldham, tí àwọn aládùúgbò ní ọbẹ̀ rẹ̀ ń rùn. Mo jókòó, mo jẹun, mo tọrọ sí i. Mo wá kọ ọ́ sínú ìwé pé n kò gbọ́ òórùn kankan. Èmi àti ọmọ ọdún mẹ́jọ yẹn ò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Èmi kàn ń buwọ́ lu irọ́ tèmi ni.