Nígbà Tí Ẹ̀gbọ́n Mi Fi Aṣọ Ọ̀fọ̀ Bojú

Ní ọ̀sán Ọjọ́rú kan, mo gba ìwé lọ́wọ́ ọmọbìnrin kan ní kíláàsì mi ní Adó. Èmi ń ṣàlàyé gírámà lójú pátákó, òun ń kàwé lábẹ́ tábìlì. Kọ́míìkì ni, irú ìwé tí wọ́n fi àwòrán sọ ìtàn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ọkùnrin kan tó fi nǹkan bojú ló wà lára èèpo ìwé náà, ó ń fò láti orí òrùlé kan sí èkejì. Mo bi ọmọ náà pé kí ló dé tí ọkùnrin yẹn ò lè fi ojú ara rẹ̀ ṣiṣẹ́.

Ó ní, "Wọ́n pa àwọn òbí rẹ̀ ni, sà. Ọlọ́pàá ò sì rí ẹnikẹ́ni mú. Bó bá ṣí ojú, wọ́n á wá bá àwọn tó kù nílé rẹ̀."

Àwọn yòókù rẹ́rìn-ín. Èmi ò lè rẹ́rìn-ín. Mo fi ìwé náà sínú àpò mi, mo ní kí wọ́n máa da ohun tó wà lójú pátákó kọ, mo sì lọ jókòó. Láti nǹkan bí ọdún méjì ni mo ti máa ń jókòó báyẹn láàárín iṣẹ́. Kì í ṣe pé mo ń ṣàìsàn. Ó kàn ń rẹ̀ mí ni.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni ọ̀rọ̀ ọmọ yẹn mú wá sí mi lọ́kàn. Àwa méjèèjì péré ni ìyá wa bí. Ìyìn la dàgbà sí, tíṣà ni bàbá wa, òun ló sì sọ èmi náà di tíṣà. Ẹ̀gbọ́n mi ní tirẹ̀ lọ́kọ sí Ìgbẹmọ, òun àti ọkọ rẹ̀ ń gbin ìrẹsì. Ohùn rẹ̀ dùn. Bí wọ́n bá fẹ́ kí ẹnì kan dá orin ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn, òun ni wọ́n máa ń pè.

Lọ́jọ́ Àìkú kan nígbà ìkórè, ọkọ rẹ̀ sún mọ́ ọn nídìí ìjókòó ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ní ọkàn òun ò balẹ̀ nípa ìrẹsì tí àwọn ti dì sínú àpò lóko, kó jẹ́ kí àwọn jọ lọ wò ó. Ẹ̀gbọ́n mi ní orin òun ló kàn. Ọkùnrin náà dá lọ. Ó bá àwọn kan níbi tí wọ́n ti ń di àpò ìrẹsì sẹ́yìn ọ̀kadà, wọ́n sì la igi mọ́ ọn lórí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló lò ní ọsibítù ní Adó, kò sọ̀rọ̀ mọ́ títí ó fi kú.

Gbogbo ọjọ́ Ẹtì, bí mo bá ti kúrò ní ilé ìwé, mo máa ń yà ní àgọ́ ọlọ́pàá. Ó dé ibì kan tó jẹ́ pé wọn kì í dúró kí n béèrè mọ́. "Tíṣà, ẹ kú ìrìn o. A ṣì ń wádìí ọ̀rọ̀ yín." Màá ní ẹ ṣé, màá jáde, màá wọ ọkọ̀ ní ibùdókọ̀ Fájuyì, màá sì sùn lọ títí wọ́n á fi gbé mi kọjá ilé.

Lẹ́yìn oṣù bíi mélòó kan, mo lọ kí ẹ̀gbọ́n mi ní ọjọ́ Àbámẹ́ta kan. Mo bá a lórí àpótí, ó ń fi sísọ́ọ̀sì gé aṣọ dúdú tó fi ṣọ̀fọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ ń ṣe yìí?"

"Ìbòjú ni." Ó gbé e sókè kí n rí ihò méjì tó gé síbi ojú. "Mo ti dara pọ̀ mọ́ àwọn ẹ̀ṣọ́ oko."

Ó ṣàlàyé fún mi. Àwọn olè ti mọ̀ pé ọjọ́ Àìkú ni oko máa ń dá, nítorí náà àwọn àgbẹ̀ ti kó ara wọn jọ láti máa ṣọ́ ojú ọ̀nà oko títí ìsìn á fi parí. Wọ́n ń bojú nítorí pé àwọn olè náà kì í ṣe àjèjì.

Mo ní, "Ta ni ò ní dá yín mọ̀? Gbogbo Ìgbẹmọ ló mọ ìrìn yín."

Ó rẹ́rìn-ín. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn láti ọjọ́ ìsìnkú. "Kí wọ́n mọ̀ mí. Kí wọ́n má ṣáà rí ojú mi."

"Ṣé ẹ fẹ́ gbẹ̀san ni?"

Ó gé ìyókù etí aṣọ náà tán. "N ò mọ̀, àbúrò mi. Bí mo bá jókòó sí ṣọ́ọ̀ṣì, tí wọ́n bá ti ń kọrin, ara mi kì í gbà á. Ṣùgbọ́n bí mo bá dúró lójú ọ̀nà oko yẹn, ó máa ń dà bí ẹni pé mo bá ọkọ mi lọ."

Mo ti wá ka ìwé tí mo gbà lọ́wọ́ ọmọ yẹn báyìí, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo kà á. Wọ́n ní ìbínú ló gbé ọkùnrin náà dìde. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ojú ewé kan wà tó ti ń rántí alẹ́ tí wọ́n pa àwọn òbí rẹ̀, kì í sì í ṣe ojú àwọn apànìyàn ló ń rí, ibi tí òun fúnra rẹ̀ dúró sí ló ń rí. Ohun tí ìwé náà ò sọ ni bó ṣe ń rẹ èèyàn tó, àti ẹni tó ń fọ ìbòjú yẹn. Nígbà náà, ẹ̀gbọ́n mi máa ń fọ tirẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ Ajé, ó sì ń sá a sórí okùn láàárín yẹ̀rì àti tówẹ́ẹ̀lì. Àwọn ará àdúgbò á rí i, wọ́n á sì kí i pé, "Mà, ẹ kú iṣẹ́ àná o."

Ẹ̀gbọ́n mi ń rù. Àwọn ìyá ìjọ ránṣẹ́ sí mi pé kí n wá bá wọn mú un padà. Bí mo ṣe múra lọ́jọ́ Àìkú kan nìyẹn, tèmi ti bùbá àti ṣòkòtò funfun, láti wá fà á lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ojú ọ̀nà oko ni mo bá a. Ọkùnrin márùn-ún wà pẹ̀lú rẹ̀, gbogbo wọn bojú. Ọ̀kan nínú wọn ní mi ò lè ṣíjú dúró síbẹ̀ kí n sì tú wọn fó, ó na aṣọ kan sí mi. Mo dì í mọ́ ojú. Mo rò pé bí mo bá gbà fún wọn, ẹ̀gbọ́n mi náà á tètè gbà fún mi.

Kò pẹ́ tí a gbọ́ ìró ọ̀kadà láti inú oko. Bí ó ṣe yọ sí wa, àpò méjì wà lẹ́yìn rẹ̀, ẹni tó gùn ún sì fi aṣọ wé imú àti ẹnu. Wọ́n gbé igi dí i lọ́nà, ó ṣubú. Wọ́n já aṣọ ojú rẹ̀.

A mọ̀ ọ́n. Òun ló ń bá ọkọ ẹ̀gbọ́n mi gbé ìrẹsì lọ sí ibi tí wọ́n ti ń lọ̀ ọ́. Ó sunkún níbi ìsìnkú, omi ni mo fún un mu lọ́jọ́ náà.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í nà án. Mi ò mọ ìgbà tí mo mú igi. Mo ti lé ní àádọ́ta ọdún, mi ò na ọmọ ilé ìwé rí ju pé kí n fi rúlà kàn án lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n lábẹ́ aṣọ yẹn, ọwọ́ mi fúyẹ́. Gbogbo ọjọ́ Ẹtì tí mo fi lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá wà nínú igi náà. Ó dà bí ẹni pé kì í ṣe èmi ni, inú mi sì dùn pé kì í ṣe èmi.

"Tíṣà! Ṣí ojú rẹ!"

Ẹ̀gbọ́n mi ni. Ó ti bọ́ tirẹ̀, ó dúró lé ọkùnrin náà lórí, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì gbá a mọ́ àárín. Òógùn bo gbogbo ojú rẹ̀.

"Mo ní kí o ṣí i!"

Mo ṣí i. Atẹ́gùn fẹ́ sí mi lójú, mo rí igi lọ́wọ́ mi, mo rí ẹ̀jẹ̀ lára bùbá mi. Mo gbé igi náà sílẹ̀ pẹ̀lẹ́, bí ẹni tó ń gbé ohun tó lè fọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi tẹ̀ ba síwájú ọkùnrin náà. "Wo ojú mi. Ṣé ìwọ ni?"

"Mà, èmi kọ́ o. Mo jí ìrẹsì, mi ò pa bọ̀dá."

"Ṣé o mọ ẹni tó pa á?"

"Mi ò mọ̀, mà."

Ó bi í lẹ́ẹ̀kan sí i. Èsì kan náà ni. Ó wo ọkùnrin náà pẹ́, ó wá sọ fún àwọn yòókù pé kí wọ́n gbé e lọ fún ọlọ́pàá, pé ẹni tó bá tún fọwọ́ kàn án, òun ni kó kọ́kọ́ nà. Wọ́n kùn, ṣùgbọ́n wọ́n gbé e lọ. Ó yíjú sí mi. Èkìtì pọ́ńbélé ló fi sọ ọ́: "Mú mi lọ ulé." Mo mú un lọ sílé.

Kò pẹ́ tí àwọn ọlọ́pàá fi tú ọkùnrin náà sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ó kó kúrò ní ìlú. A ò mọ ẹni tó pa ọkọ ẹ̀gbọ́n mi títí di òní, mi ò sì yà ní àgọ́ ọlọ́pàá mọ́ lọ́jọ́ Ẹtì. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ṣì ń ṣọ́ oko láìsí ẹ̀gbọ́n mi. Ó ti padà sí ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ̀yìn ló ń jókòó sí, kò sì tíì dá orin kankan. Nígbà míì mo máa ń wo ọwọ́ mi bí mo bá di ṣọ́ọ̀kì mú.

Ní Àbámẹ́ta tó kọjá, mo lọ bá a ní oko. Ìrẹsì ti ń gbó, àwọn ẹyẹ sì ti ń dé. Ó ní òun fẹ́ fara lélẹ̀ díẹ̀ lábẹ́ ahéré, kí n máa bá òun lé wọn. Kò pẹ́ tó fi sùn lọ, ẹnu rẹ̀ là díẹ̀. Mo ń pariwo, mo ń ju òkò, àwọn ẹyẹ ń fò sókè, wọ́n sì ń bà sí apá ibòmíràn. Títí oòrùn fi rọlẹ̀, mi ò jí i.