Òmìnira Isham Tí Ìwé Ọ̀gá Rẹ̀ Gbà Lọ́wọ́ Rẹ̀

Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rún dọ́là ni Pinckard ní òun yóò gbà kí òun tó fi Isham ẹrú òun sílẹ̀. Nígbà tí ọdún 1854 wọlé, Isham ti san ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin nínú rẹ̀. Ó ku igba.

Owó náà kò já bọ́ láti ọ̀run. Ilé ìtẹ̀wé kan ní Richmond, ní ìpínlẹ̀ Virginia ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ni Pinckard máa ń fi Isham háyà fún lọ́dọọdún. Owó iṣẹ́ ọ̀sán, àpò ọ̀gá ló ń lọ. Èyí tí ẹrú bá ṣe lẹ́yìn tí iṣẹ́ ọjọ́ parí nìkan ni tirẹ̀. Ọdún mọ́kànlá ni Isham fi fa ọwọ́ ẹ̀rọ títí apá fi ń ro ó. Dorcas ìyàwó rẹ̀, tí kì í ṣe ẹrú ẹnikẹ́ni, ń fọṣọ kún un. Ẹni tó bá mọ ìṣirò á rí i pé ọkùnrin yìí ń ra ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì: ó ń fi ọ̀sán sanwó, ó tún ń fi ìrọ̀lẹ́ sanwó.

Ní oṣù kejì, Pinckard fúnra rẹ̀ gbé ìwé wá pé kí wọ́n bá òun tẹ̀. Àwọn ará Àríwá, níbi tí wọn kò ti ń lo ẹrú mọ́, ti ń kọ̀wé bú oníẹrú, gbogbo ẹni tó lè di kálàmù mú ní Gúúsù sì ń fèsì. Pinckard, tí kò kọ ohunkóhun rí ju iye owó tábà lọ, kọ igba ojú ewé: pé inú ìkòkò ọ̀gá ni ẹrú ti ń jẹun, pé bó bá ṣàìsàn wọ́n ń tọ́jú rẹ̀, pé òṣìṣẹ́ Àríwá tó lómìnira ni ebi ń pa kú. Isham kò mọ̀wé kà. Tàdáwà àti ọwọ́ ẹ̀rọ ni tirẹ̀. Inú rẹ̀ tiẹ̀ dùn, nítorí iṣẹ́ ìrọ̀lẹ́ dé. Ó ń tẹ ìwé náà bí ẹni tí ń gbẹ́ kànga tí yóò mu.

Lọ́jọ́ kan, bó ti ń sá bébà tútù sórí okùn, Dunleavy, ará Ireland tó ń to lẹ́tà fún ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, bú sẹ́rìn-ín.

"Isham, o ò sọ fún wa pé o sunkún."

"Ẹkún wo, ọ̀gá Dunleavy?"

Dunleavy kà á sí i létí. Pinckard kọ ọ́ pé òun pe Isham, ẹrú òun olóòótọ́, òun dá a sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, ṣùgbọ́n ńṣe ló dì mọ́ òun lẹ́sẹ̀, tó ń sunkún bẹ̀bẹ̀ pé kí ọ̀gá òun má lé òun lọ.

"Lọ́fẹ̀ẹ́ kẹ̀?" ni Isham wí. Èyí ló dùn ún jù nínú gbogbo rẹ̀.

Ó bẹ Dunleavy kó yọ orúkọ òun. Dunleavy ní ọmọ mẹ́rin ló ń retí oúnjẹ lọ́wọ́ òun. "Ohun tí wọ́n bá gbé fún mi ni mò ń tò. Bó bá jẹ́ pé irọ́ ń léèyàn kúrò níṣẹ́ ni, ta ni ì bá kù níbí?"

Isham gbé ọ̀rọ̀ náà mì. Ó rò ó pé bí òun bá ti san igba tó kù, kí Pinckard máa parọ́ rẹ̀ lọ.

Ní oṣù karùn-ún, pẹ̀lú èyí tí Dorcas ti ń tọ́jú tẹ́lẹ̀, owó pé. Dorcas ni kò jẹ́ kó gbé e lọ. Ó ní lójú òfin, ohun tí ẹrú bá ní, ti ọ̀gá ni. Kí Pinckard kọ́kọ́ fọwọ́ síwèé òmìnira, òun á wá ka owó sí i lọ́wọ́. Isham lọ bá ọ̀gá rẹ̀ lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ní owó ti pé, ọjọ́ wo ni káwọn lọ fọwọ́ síwèé ní kóòtù. Pinckard mí kanlẹ̀.

"Isham, ìwé ti jáde. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ń bọ̀ mí lọ́wọ́ nítorí ohun tí mo kọ nípa ẹ. Bí mo bá wá fọwọ́ síwèé lóṣù yìí, tó o forí lé Ohio ní Àríwá, kí ni wọ́n á máa pè mí?"

"Wọ́n á pè yín lẹ́ni tó gba ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rún dọ́là, sà."

"Ṣọ́ ẹnu ẹ." Lẹ́yìn náà, ohùn rẹ̀ rọlẹ̀. "Jẹ́ kí wọ́n gbàgbé ìwé náà ná. Ọdún mẹ́ta, mẹ́rin. Àbí mò ń nà ọ́ ni?"

Isham ní kó dá ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin òun padà nígbà náà. Ojú kò ti Pinckard láti sọ pé lára rẹ̀ lòun ti sanwó ìtẹ̀wé, àti pé kò sí kóòtù ní Virginia tí ẹrú ti í sin gbèsè. Ó béèrè igba tó kù. Isham ní ọwọ́ Dorcas ló wà. Pinckard sì mọ̀ pé àpò obìnrin tó lómìnira kò ṣeé já gbà bẹ́ẹ̀.

Lọ́jọ́ Ajé, ọ̀gá ilé ìtẹ̀wé ní ìwé ń tà, kí wọ́n tún tẹ ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta sí i; iṣẹ́ ìrọ̀lẹ́ pọ̀. Isham fa ẹ̀rọ títí iṣẹ́ ọ̀sán fi parí, ó fọ tàdáwà kúrò lọ́wọ́, ó wọ ẹ̀wù rẹ̀. Ọ̀gá ní, "Níbo? Owó ń bẹ níbẹ̀ o."

Ó ní òun ń lọ jẹun nílé. Kò bá wọn ṣe iṣẹ́ ìrọ̀lẹ́ lórí ìwé náà mọ́. Igba dọ́là wà nínú àpótí Dorcas. Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin ṣì wà lọ́rùn Pinckard, kò san án.